Àwọn ọmọ ìwòyí tó ń ta gìtá bí ẹni pé ọdún 1973 la wà: àfarawé ni àbí ogún?

ỌmọFádèyí · Ẹtì, 9:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá.

Sọ́ńdè tó kọjá ni mo lọ kí bàbá mi ní Surulere. A jẹun tán, mo so fóònù mi mọ́ ẹ̀rọ orin wọn, mo fi Greta Van Fleet sí i. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n: ọmọ ìyá mẹ́ta ni, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń lu ìlù. Frankenmuth ni wọ́n ti wá, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Michigan lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Josh tó ń kọrin àti Jake tó ń ta gìtá, ìbejì ni wọ́n. Ọdún 2012 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Bàbá mi ò tíì gbọ́ ọ tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi ní, "Led Zeppelin lèyí. Àwo wọn wo ni? Mi ò ní in." Mo ní rárá o, kì í ṣe ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì òyìnbó ayé àtijọ́ yẹn, àwọn ọmọ òde òní ni. Wọ́n tún gbọ́ díẹ̀ sí i, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Wọ́n bá dìde, wọ́n lọ sùn.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti há mi lọ́fun, torí pé iṣẹ́ tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ń ṣe gan-an nìyẹn. Gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ la máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Fádèyí, a sì fẹ́ kí gìtá wa dún bíi ti inú rédíò àwọn bàbá wa. Ẹ sọ fún mi: ṣé ìtìjú ni kéèyàn máa kọrin bí ẹni tó ti kọ ọ́ kọjá? Tí kì í bá sì í ṣe ìtìjú, báwo lèèyàn ṣe ń rí ohùn yẹn gbà nínú Èkó yìí, pẹ̀lú irú iná tá a ní?

GbẹduMushin · Ẹtì, 10:05 alẹ́

Àfarawé ni. Ẹjọ́ ti parí. Nígbà tí àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ jáde ní 2018, Pitchfork, ìwé ìròyìn orin orí íntánẹ́ẹ̀tì, fún wọn ní 1.6 nínú 10. Olùkọ́ ìṣirò mi pàápàá ò fún mi ní irú máàkì bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì mọ ìṣirò.

Kẹ́mi_ń_gbọ́ · Ẹtì, 10:09 alẹ́

😂😂 1.6!

ÀǹtíJùjú · Ẹtì, 10:31 alẹ́

GbẹduMushin, o rí máàkì, o ò rí ẹ̀bùn. Kò tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn máàkì yẹn tí wọ́n fi gba Grammy fún àwo rọ́ọ̀kì tó dára jù lọ, ní ọdún 2019, lórí From the Fires.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ fi òyìnbó sílẹ̀ ná. Nínú jùjú, ta ló ń bi ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pé kí ló dé tó ń ta gìtá bí ọ̀gá rẹ̀? Ebenezer Obey bá Fatai Rolling Dollar ṣiṣẹ́ kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Kò sẹ́ni tó pè é lólè. Ọwọ́ ló kọ́, nígbà tó yá, ọwọ́ náà di tirẹ̀. Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú bàbá ỌmọFádèyí ni ti àkísà yẹn. Aṣọ kì í gbó lọ́jọ́ tí wọ́n rà á.

GbẹduMushin · Ẹtì, 10:40 alẹ́

Àǹtí, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ máa ń ṣe fúrídọ̀ọ̀mù. Wọ́n á pa mínírà, ọ̀gá á gbàdúrà, ó tán. Àwọn wọ̀nyí, ìgbà wo ni tiwọn?

Kẹ́mi_ń_gbọ́ · Ẹtì, 11:02 alẹ́

Ìbéèrè tèmi rèé. The Cavemen. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, wọ́n gbé Roots jáde ní 2020, háílàìfù àtijọ́ pọ́ńbélé ni. Gbogbo wa la jó o. Mi ò rí ẹnì kan tó sọ pé àfarawé ni. "Ogún wa" ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kí ló wá dé tí háílàìfù àtijọ́ fi jẹ́ ogún, tí rọ́ọ̀kì àtijọ́ sì jẹ́ olè?

GbẹduMushin · Ẹtì, 11:10 alẹ́

Torí pé háílàìfù jẹ́ tiwa.

Àgbà_Yaba · Sátidé, 7:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ẹ̀rín sì ń pa mí, bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ọdún 1973 bí ẹni pé òyìnbó ló ni ín.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí lọ́dún yẹn. Ẹgbẹ́ tó ń dà wá láàmú nígbà náà kì í ṣe ti London. Ọmọ ilé-ìwé bíi tiwa ni wọ́n: Ofege, àwọn ọmọ St. Gregory's College ní Obalende níbẹ̀ yẹn. Ọdún 1973 gan-an ni ilé-iṣẹ́ àwo EMI gbé Try and Love wọn jáde. Gìtá tó ń hó bí epo tí wọ́n fẹ́ fi din àkàrà! A ò gbà pé ẹni tó ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ló ń ta á. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi á kúnlẹ̀ síwájú dígí ìyá mi, a ó gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ dání, a ó sì máa di ojú bí ẹni tí inú ń run.

Ọdún kan náà ni BLO, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Èkó mìíràn, ṣe àwo Chapter One. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́: Berkley Jones tó ń ta gìtá, Laolu tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Laolu Akins lórí ìlù, Odumosu lórí bẹ́ẹ̀sì. Kí wọ́n tó dá dúró, wọ́n ti bá Ginger Baker, òyìnbó tó lu ìlù fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream, ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ tó pè ní Salt. Ọkùnrin yẹn wakọ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní 1971, ó sì ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ikeja ní 1973.

Ọdún náà ni Paul McCartney tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles náà dé láti wá ṣe àwo Band on the Run ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Apapa. Méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ já a jù sílẹ̀ kó tó wọ bàálù. Ó débí, àwọn olè fi ọ̀bẹ dá òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà lálẹ́, wọ́n gba téèpù orin tó fẹ́ wá ṣe. Kò tíì gbádùn ìyẹn tí Fẹlá fi wá ká a mọ́, ó ní orin àwọn ènìyàn dúdú ló wá jí. McCartney bá fi àwọn orin tó ti gbà sílẹ̀ gbọ́ Fẹlá kó lè gbà pé kò jí nǹkan kan. Ẹjọ́ tí ẹ ń dá láti àná yìí, wọ́n ti kọ́kọ́ dá a ní Apapa.

Nítorí náà, Kẹ́mi ọmọ mi, kì í ṣe háílàìfù nìkan ló jẹ́ tiwa.

Kẹ́mi_ń_gbọ́ · Sátidé, 7:52 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, sà. Kí ló wá pa á? Ilé wa kún fún àwo orin, mi ò rí BLO kankan níbẹ̀ rí.

Àgbà_Yaba · Sátidé, 8:20 àárọ̀

Owó ni. Disíkò dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi rò pé owó ni. Nígbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, bọ́ sílẹ̀ ní 1975, bàbá mi ra rédíógíráàmù tuntun, ó gùn bíi pósí. Ṣé BLO ni wọ́n fi ṣí i? Obey àti Sunny ni, láti àárọ̀ Sátidé títí di alẹ́ Sọ́ńdè. Ẹni tó bá ń ṣe òkú ìyá rẹ̀ tàbí tó ń ṣílé, ó fẹ́ orin tó máa pe orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Gìtá rọ́ọ̀kì kì í kini. Ó lè sunkún, ó lè bínú, ṣùgbọ́n kò mọ oríkì ẹnikẹ́ni. Ta ló máa wá náwó fún un?

ÀǹtíJùjú · Sátidé, 8:31 àárọ̀

"Gìtá rọ́ọ̀kì kì í kini." Bàbá, mo ti jí i o. Màá lò ó ní gbogbo ibi.

Ẹlẹ́rọOjota · Sátidé, 1:18 ọ̀sán

ỌmọFádèyí, àwọn àgbà ti gba ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ lọ, jẹ́ kí n mú èkejì. Èmi ni mo ń bójú tó ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ojota, iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá nìyẹn.

Ohùn tí ò ń wá kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú gìtá. Inú ampilifáyà ló wà. Ti ayé ìgbà náà ń lo fáàfù, àwọn ìgò kéékèèké tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná, tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe láyé àtijọ́ máa ń tò sórí tábìlì. Bó o bá yí i sókè ju agbára rẹ̀ lọ, kì í fọ́ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni, ohùn á kọ́kọ́ sanra, lẹ́yìn náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Kò sì di dandan kó tóbi. Gìtá Telecaster àti ampilifáyà Supro kékeré ni Jimmy Page, onígìtá Led Zeppelin, lò nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo àkọ́kọ́ wọn tó jáde ní 1969. Kékeré tó ń pariwo sàn ju ńlá tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó rọra lọ, pàápàá tí pásítọ̀ bá ń gbé lókè gbọ̀ngàn.

Ti ìlù: ẹ má to máìkì yí i ká bí ẹni tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá gómìnà lẹ́nu wò. Nígbà tí Led Zeppelin ń gba When the Levee Breaks, tó jáde ní 1971, sílẹ̀, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Headley Grange ni wọ́n gbé ìlù John Bonham, onílù wọn, sí, wọ́n so máìkì méjì kọ́ sókè àtẹ̀gùn. Ilé yẹn lẹ̀ ń gbọ́. Gbọ̀ngàn yín, ṣé àjà rẹ̀ ga? Tó bá ga, ẹ ti ní ohun tí ẹlòmíì ń sanwó kọ̀ǹpútà fún.

Kí gbogbo yín jọ ta á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ka ìlù sí yín létí. Bí orin bá sáré díẹ̀ níbi tó ti gbóná, kó sáré.

Ó wá ku iná. Ampilifáyà tó bá ti Amẹ́ríkà wá, iná 120 ló ń jẹ. Tiwa jẹ́ 230 sí 240. Wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó o tó so ó mọ́ iná ògiri! Mo mọ ẹnì kan tó so ó mọ́ ọn tààrà, èéfín ló kọ́kọ́ jáde, orin ò jáde mọ́. (Èmi ni.) Step-down, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, lo máa rà, kí wáàtì rẹ̀ sì ju èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn ampilifáyà lọ dáadáa. Ẹ má gbára lé jẹnẹrétọ̀ kékeré. Iná rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀ bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, fáàfù ò sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Gìtá tí pickup rẹ̀ (ohun tó ń gba ohùn okùn rẹ̀) jẹ́ oníwáyà kan á máa kùn "hiiiin" láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Oníwáyà méjì, tí wọ́n ń pè ní humbucker, ló ń pa ariwo yẹn.

Okùn gìtá: ẹ nù ún lẹ́yìn eré. Òógùn àti afẹ́fẹ́ ọ̀sà ò ní jẹ́ kó pẹ́.

ÀǹtíJùjú · Sátidé, 1:40 ọ̀sán

Orin tí Ẹlẹ́rọOjota dárúkọ yẹn gan-an kì í ṣe ti Zeppelin. Kansas Joe McCoy àti Memphis Minnie, aláwọ̀ dúdú méjì, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní 1929. Willie Dixon, olórin blues aláwọ̀ dúdú, sì gbé Zeppelin lọ sílé ẹjọ́ ní 1985 nítorí Whole Lotta Love, pé orin òun ni wọ́n mú, wọ́n yanjú rẹ̀ ní 1987. Ọ̀gá tí àwọn ọmọ Michigan ń fara wé, àkísà ẹlòmíì ló wọ̀ jáde nílé.

GbẹduMushin · Sátidé, 2:26 ọ̀sán

Ó dáa, mo ti sún sẹ́yìn díẹ̀. Díẹ̀ o.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìyàtọ̀ tí mo rí. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, rédíò ò jẹ́ kí orin yìí kú. Ilé-iṣẹ́ rédíò wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé rọ́ọ̀kì àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ń gbé láàárọ̀ lálẹ́, ọmọ á máa gbọ́ ọ nínú mọ́tò bàbá rẹ̀ láti kékeré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀: Rival Sons ní California láti 2009; The Sheepdogs láti Saskatoon ní Kánádà, tí wọ́n bá ara wọn lójú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Rolling Stone ní 2011 nígbà tí wọn ò tíì bá ilé-iṣẹ́ àwo kankan tọwọ́ bọ̀wé; Dirty Honey náà, ní 2019, gun téńté orí àtẹ Mainstream Rock ti Billboard láìní ilé-iṣẹ́ àwo lẹ́yìn. Bí àwọn yẹn bá ta gìtá bíi ti àtijọ́, ohùn tí wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà ni. Èmi tí mo dàgbà ní Mushin, kí ni mo gbọ́ nínú dánfó? Fújì. Ràp. Ìwàásù. Mi ò gbọ́ BLO nínú dánfó rí. Tí mo bá wá bọ́ síta lónìí tí mo ń ta gìtá bí Jimmy Page, ibo ni mo ti rí i? YouTube. Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú.

Kẹ́mi_ń_gbọ́ · Sátidé, 2:33 ọ̀sán

Bó ṣe sọ̀rọ̀ yìí, mo fẹ́ bá a wí, ó sì tún ń ṣe mí láàánú.

Àìná_EbuteMẹ́tta · Sátidé, 5:57 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ti ka ọkùnrin láti Obalende dé Michigan, ẹ ò ka obìnrin ilẹ̀ wa kan. Taiwo àti Kehinde Lijadu ńkọ́? Àwo wọn Danger, 1976, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ àwo Afrodisia. Biddy Wright ló bá wọn tò ó. Bí Greta bá ń fi ìbejì yangàn, tiwa ti ṣáájú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ỌmọFádèyí fi ọkàn sí nìyí. Àwọn ìbejì yẹn ń kọ Yorùbá lórí gìtá àti bẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ wọn sì ń yé ni. Kò rọrùn. Akọrin òyìnbó lè gbé ohùn rẹ̀ lọ síbi tó bá wù ú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní yí padà. Tiwa á yí. Bí gìtá bá ń fà ọ́ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ sílẹ̀, o ti sọ nǹkan mìíràn. Bí onídùndún bá ṣì í lù, gbogbo agbo ló máa mọ̀. Èdè wo lẹ fi ń kọrin ní Fádèyí yẹn?

Ẹni tó bá sì fẹ́ gbọ́ àwọn orin tí Bàbá Yaba dárúkọ, Soundway, ilé-iṣẹ́ àwo kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó irú wọn jọ ní 2008, wọ́n pè é ní Nigeria Rock Special. Tó bá jẹ́ àwo gangan lẹ fẹ́ fọwọ́ kàn, ẹ yà sí Jazzhole ní Awolowo Road, Ikoyi. Kí ẹ mówó dání o.

ỌmọFádèyí · Sátidé, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Òyìnbó ni à ń fi kọ ọ́, mà. Ojú ń tì mí báyìí.

Àìná_EbuteMẹ́tta · Sátidé, 6:24 ìrọ̀lẹ́

Má jẹ́ kójú tì ọ́. Dán ìlà kan wò.

ỌmọFádèyí · Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 8:50 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Mo padà wá jábọ̀.

A dán ìlà kan wò bí Àǹtí Àìná ṣe wí. Ìlà kan péré: "Mo ń dúró de ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba." Orí gìtá kan tí a ti ní tẹ́lẹ̀ la gbé e lé, èyí tó ń gòkè gòkè bíi ti Zeppelin. Mo kọ ọ́ tọkàntọkàn, mo di ojú mọ́rí. Ọmọbìnrin tó ń ta bẹ́ẹ̀sì fún wa bá já gìtá sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ọkọ lẹ̀ ń dúró dè ní Ojúẹlẹ́gba? Ṣé ẹ ti sọ fún wọn nílé?"

A gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹrin sí i. Nígbà kan ó di ọkọ́, mo di àgbẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè kọ ọ́ tí "ọkọ̀" fi máa jókòó sórí gìtá yẹn. Ìgbà tó rẹ̀ wá, onígìtá wa yí i padà, ó jẹ́ kó máa já wálẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń já wálẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ohun tó ń jáde ò dún bíi ti ẹnikẹ́ni tí a mọ̀. Ariwo fáàfù náà wà níbẹ̀ (a yá ampilifáyà kékeré kan lọ́wọ́ àbúrò pásítọ̀), ìlù náà ń dún lára àjà, ṣùgbọ́n bí gìtá ṣe ń sọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Onílù wa ní ó dà bí ìyá ìlù tó ń bínú. Fóònù ni mo fi gbà á sílẹ̀ ní tèmi.

Mo gbé e lọ sí Surulere ní Sọ́ńdè. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn fi sí i bí ti ìjọ́sí. Bàbá mi gbọ́ ọ dópin. Wọ́n ní, "Ta nìyí?" Mo ní àwa ni. Wọ́n ní kí n tún un fi sí i. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì wọ́n ní, "Ìlù yín ń sáré jù. Ẹ sọ fún un kó farabalẹ̀." Mo ṣàlàyé pé ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní kó máa sáré. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí ẹni náà, kí n sọ fún un pé irọ́ ló ń pa.

Ẹlẹ́rọOjota · Ẹtì, 9:03 alẹ́

😂😂 Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá. Níbi tó ti gbóná ni mo wí o, mi ò ní láti ìbẹ̀rẹ̀!

GbẹduMushin · Ẹtì, 9:10 alẹ́

Fi orin náà síbí ká gbọ́ ọ.

ỌmọFádèyí · Ẹtì, 9:16 alẹ́

Kò tíì jinná, ẹ̀gbọ́n. Ìlà kan ṣì ni. Àbúrò pásítọ̀ náà sì ti gba ampilifáyà rẹ̀. A ti rí òmíràn tí wọ́n fẹ́ tà fún wa ní Mushin, ṣùgbọ́n 120 ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹlẹ́rọOjota · Ẹtì, 9:21 alẹ́

Step-down kan wà nílé mi tí mi ò lò mọ́. Èyí tí mo rà lẹ́yìn èéfín yẹn ni. Wá gbé e ní Sátidé lẹ́yìn aago méjì, a máa ń ṣe ìpalẹ̀mọ́ Sọ́ńdè títí di àṣálẹ́. Má fi ọ̀kadà gbé e o, ó wúwo.